Ọjọ́ Méjì Pẹ̀lú Bàbá ní Johannesburg

Ọdún márùn-ún ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Pretoria fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nìkan. Ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ni yóò pe Ìbàdàn, bàbá a sì dáhùn pé, "Ara le, a dúpẹ́." Nígbà tí bàbá wá kí i, ó fẹ́ kí wọ́n ṣe fàájì. Ó gba yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì sí hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Bertrams, ní ìlà oòrùn àárín ìlú Johannesburg. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ojú irin Gautrain gbé wọn dé Park Station, wọ́n sì wọ takisí débẹ̀.

Ibi méje ni ọmọ kọ sílẹ̀ pé àwọn yóò lọ. Bàbá ní ẹyọ kan lòun fẹ́ rí: pápá ìṣeré Ellis Park, tó wà lẹ́bàá Bertrams. Níbẹ̀ ni Argentina ti na Nàìjíríà ní àmì ayò kan sí òdo nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 2010. Heinze fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú kẹfà, ṣùgbọ́n gbogbo bí Messi ṣe gbá a tó, Vincent Enyeama kò jẹ́ kó wọlé. Pálọ̀ aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀ ni bàbá ti wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n rọra rìn débẹ̀. Ọmọ sọ fún un pé níbẹ̀ náà ni Mandela ti wọ ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby South Africa, tó ní nọ́ńbà 6, ní ọdún 1995. Ẹ̀wù ọ̀hún ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti kà sí ẹ̀wù àwọn tó ń ni wọ́n lára. Bàbá di irin ọgbà mú, ó ń wò títí. Bó ṣe yíjú padà, ó kọlu ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́sàn-án, wọ́n lọ sí Constitution Hill, ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ti ti Gandhi àti Mandela mọ́lé rí. Ilé ẹjọ́ tó ń dáàbò bo òfin ìlẹ̀ náà ló wà níbẹ̀ báyìí, bíríkì ẹ̀wọ̀n tí wọ́n wó sì wà lára ògiri rẹ̀. Níbi àtẹ̀gùn, bàbá ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Lóru, bàbá dìde láti lọ tọ̀, ó sì forí gbá etí ilẹ̀kùn. Ọmọ tan iná.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń ríran dáadáa?"

Ó pẹ́ kí bàbá tó fèsì. "Ọ̀kánkán ni mo ń rí. Ẹ̀gbẹ́ ti ń ṣú láti bí ọdún méjì. Mi ò fẹ́ kó o máa ronú nílẹ̀ onílẹ̀. Ìdí tí mo fi ní ká wá wo pápá yẹn nìyẹn, kó má di pé mi ò lè rí i mọ́."

Ọmọ pa ibi márùn-ún tó kù rẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà ojú ní Pretoria sọ pé glaucoma ni. Àìsàn yìí kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ máa ń jẹ, kó tó dé àárín. Èyí tó bá ti lọ kì í padà, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́ lè dá ìyókù sí. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí ọmọ náà yẹ ojú tirẹ̀ wò.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń mú òbí rìnrìn àjò, ibi méjì tó fún ọjọ́ méjì. Kó wo bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bí wọ́n ṣe ń nawọ́ sí ife omi, bí wọ́n ṣe ń dìde lóru.

Bàbá ti padà sí Ìbàdàn. Alaalẹ́ ni fóònù ń dún báyìí, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan.

"Bàbá, ẹ ti kán an?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ẹ kán an báyìí, Bàbá. Mò ń dúró."