Ọ̀nà Tí Ẹ Bá Ń Ṣe, Ẹ Ri Páìpù Fáíbà Sí I

A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ fọ ọwọ́. Èkó ni púpọ̀ nínú àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì ńlá tó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti gúnlẹ̀. Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, WACS ní 2012, ti Google tí wọ́n ń pè ní Equiano sì gúnlẹ̀ ní 2022. Síbẹ̀, ẹ kúrò ní Èkó díẹ̀, ẹ ó bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jí lóru nítorí pé ìgbà yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já geere.

Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni gbogbo fóònù àdúgbò sábà máa ń pín lò, ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí gbogbo èèyàn wọlé. Fáíbà kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn dígí tín-ín-rín ni, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán gba inú rẹ̀ wọlé. Ọmọ lè máa kẹ́kọ̀ọ́, kí ìyá máa tajà lórí fóònù, kí bàbá máa bá ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ẹnì kejì lọ́wọ́.

Kí ló wá dé tí kò fi kárí? Dígí náà kọ́ ló wọ́n, ilẹ̀ gbígbẹ́ ló wọ́n. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan tún ń gba owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Èkìtì, ₦4,500 ni tẹ́lẹ̀, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà fún kìlómítà kan péré. Ní 2020, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí já a wálẹ̀ sí ₦145. Lọ́dún kan náà, Kwara sọ tiwọn di náírà kan fún odidi kìlómítà. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n bí owó ìjọba bá tilẹ̀ kúrò ńlẹ̀, owó ìgbẹ́lẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn gómìnà wa: ẹ fi ṣe òfin pé kò sí ọ̀nà tí a ó ṣe tàbí tí a ó tún ṣe láì ri páìpù òfìfo mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ yóò kàn fa okùn tirẹ̀ gba inú rẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí a ti gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí la tún fẹ́ gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta fún?

Òfin yìí yóò tún gbà wá lọ́wọ́ katakátá tó ń já okùn. Ní 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè. Àṣẹ náà dára, àmọ́ awakọ̀ katakátá tí kò mọ ibi tí okùn wà yóò ṣì já a. Páìpù tó wà lójú kan, tí a yà sínú máàpù, ni yóò dá a dúró.

Ìjọba àpapọ̀ ń gbèrò láti na fáíbà tuntun tó tó 90,000 kìlómítà káàkiri Nàìjíríà. Láti títì ńlá dé ẹnu ọ̀nà yín, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Bí aṣòfin yín bá tún wá sọ pé ọ̀nà tuntun ń bọ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì bi í pé: páìpù fáíbà rẹ̀ dà?