Ẹ yéé pe ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ní ọ̀nà igbó

1. Ẹnì kan tún ń bèèrè lónìí pé kí ni ìjọba ń wá lọ́nà igbó, nígbà tí kòtò ṣì kún àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

2. Ọ̀nà ọ̀hún ò gùn, bíi kìlómítà 65 ni. Ó gbéra ní Mọníyà, níbi tí rélùwéè tuntun láti Èkó ń parí sí. Ó gba Ìjàyè, ó wá já sí Ìsẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà Òkè-Ògùn. Nígbà tó bàjẹ́, ṣe ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ń yípo gba Ọ̀yọ́.

3. Igbó kẹ̀? Ìjàyè tẹ́ ẹ fi mọ́tò já kọjá yẹn, ìlú Kúrunmí ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Òun ni Aláàfin Àtìbà fi ṣọ́ apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àtìbà wàjà ní 1859. Kúrunmí ní òun ò gba Adélù lọ́ba, torí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn ní Adélù làwọn ń bá lọ. Ogun bẹ́ ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè fọ́ ní 1862.

4. Ta ló fọ́ ọ? Àwa náà ni. Ìbàdàn! Ìlú ńlá lèyí, ogun wa ló sọ ọ́ di ahoro. Ṣé àwa la tún máa wá pè é ní igbó? Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ò tì yín ni?

5. Ẹ jẹ́ ká wá sórí ikùn. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí, ẹrù Òkè-Ògùn ni. Aṣọ òkè tẹ́ ẹ fi ń ṣègbéyàwó ńkọ́? Ẹ bi àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Tí ọ̀nà bá bàjẹ́, awakọ̀ á fowó lé owó ọkọ̀, ìyá ọlọ́jà á fowó lé iṣu. Ìwọ tó ń pè é lọ́nà igbó lo máa san gbogbo ẹ̀.

6. Àwọn kan tún ń jà lórí ta ló ṣe é. Ìjọba Ajímọ̀bi ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà síta, ìjọba Mákindé ló parí ẹ̀. Ó tán! Ìyẹn kọ́ ló kàn. Ọ̀dà kì í pẹ́ níbi tí omi bá ń dúró sí. Ta ló ń kó gọ́tà ibẹ̀? Ta ló ń wo ẹrù tí tírélà ń kó kọjá? Kòtò tí ò ju àwo lọ lọ́dún yìí, tí wọn ò bá dí i, á gbé táyà mì lẹ́ẹ̀mí-ìn.

7. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń tàágì gómìnà tí gọ́tà àdúgbò yín bá dí, ẹ tàágì ẹ̀ lórí èyí náà. Ẹ bi í pé èló ló wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún àtúnṣe ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn. Àwọn baba wa ti tú Ìjàyè lẹ́ẹ̀kan. Kí ọ̀nà ibẹ̀ má tún bàjẹ́ lójú tiwa, ẹ jọ̀ọ́.