Ọjọ́ Orí Táyà

Ẹ̀gbọ́n mi fa Toyota Celica wọn lé mi lọ́wọ́. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣe é, síbẹ̀ eré ṣì wà lára rẹ̀. Mo wá táyà lọ sí Òmù-Àrán. Alátáyà kó tòkunbọ̀ mẹ́rin síwájú mi. Owó wọn kò tó ìdajì ti tuntun.

“Àbúrò, ṣé o ò rí i pé ojú wọn kò tíì jẹ ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT: 2314. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.” Ó ti sán wẹ́wẹ́.

Ère òkúta Èsìẹ́ ń níyì sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ṣe òkúta. Bó bá ti gbó, yóò le gan-an, kò sì ní í di ilẹ̀ mú mọ́ nígbà òjò. Láti ìgbà tí Michelin ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2008, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá. Ẹ ka òǹkà náà kí ẹ tó sanwó.

Mo ra méjì tuntun, mo dúró de owó oṣù kí n tó ra méjì yòókù. Ìgbà náà ni mo tó gbé màmá mi lọ sí Ìlọrin.