Ṣé Ẹni Tí Ó Gba Ipò Kìn-ín-ní Nìkan Ni Ó Sáré?

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ. Bí mo bá ṣì í sọ, kí ẹ fi orí jì mí, nítorí pé ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, mo wà lára àwọn tí ó sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tí wọ́n ń sá ní ìlú Èkó lọ́dọọdún, èyí tí gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 42. Nígbà tí mo padà dé ilé ní Ìlá Ọ̀ràngún, ohun tí bàbá mi kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ipò kelòó ni o gbà?"

Mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀. Àwọn tí ó wà níwájú mi pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ."

"Èló ni wọ́n wá fún ọ?"

"Wọn kò fún mi lówó. Mẹ́dà ni wọ́n fún mi. Gbogbo ẹni tí ó bá parí eré ni wọ́n ń fún."

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ mi tí èékánná méjì ti yọ níbẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé irin tí wọ́n ń fún gbogbo ayé ni o tìtorí rẹ̀ sọ ara rẹ di báyìí?" Ìyá mi kò sọ nǹkan kan ní tiwọn. Omi gbígbóná ni wọ́n lọ gbé wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ìbéèrè bàbá mi. N kò bínú sí wọn, nítorí pé ìbéèrè gbogbo wa ni wọ́n bi mí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a bá fẹ́ ṣe ìdíje eré ìdárayá, olùkọ́ a ní kí gbogbo wa sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́rin tí ó bá ṣíwájú ni wọn yóò mú. Wọn a ní kí àwa yòókù lọ jókòó sábẹ́ igi kí a máa pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n lọ máa pàtẹ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi gbà pé èmi kì í ṣe ẹni tí ń sáré.

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Kí ni sáré? Sá eré ni. Eré yìí kan náà ni ọmọdé ń ṣe nínú òṣùpá. Àwọn tí ó fún wa ní èdè kò ya eré sísá kúrò lára eré ṣíṣe. Àwa ni a sọ ọ́ di ohun tí ẹni tí kò lè borí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́nà. Pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè ni a ti gbéra. Láti ọdún 2016 tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé àwọn ará Kenya àti Ethiopia ni ó sábà máa ń ṣíwájú nínú rẹ̀. Kí n tó mí kanlẹ̀, wọ́n ti lọ bí ẹyẹ. Lórí afárá Third Mainland, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí mi lára, mo sì ń wí lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tí ó le níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sáré tó kìlómítà 30, pajápajá mú mi nítan. Mo jókòó sí ẹ̀bá títì. Ní àkókò náà, àwọn tí yóò gba owó ti parí eré tiwọn, bóyá wọ́n tilẹ̀ ti wẹ̀, wọ́n ti jẹun.

Bàbá kan tí orí rẹ̀ ti funfun báláú bá mi níbẹ̀. Òun náà kò sáré mọ́, ó ń rìn ni. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde. Bí a bá jọ ń rìn, kò níí jìnnà mọ́." A jọ rìn, a jọ sáré díẹ̀, a tún jọ rìn. Nígbà tí a dé Eko Atlantic tí eré parí sí, ó ti lé ní wákàtí mẹ́fà tí a ti gbéra. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ohun tí mo gbà bọ̀ láti Èkó gan-an nìyí, òun sì ni n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá mi.

Èmi kọ́ ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2000, nínú ìdíje Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní ìlú Sydney, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eric Moussambani wá lúwẹ̀ẹ́ fún orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea, níbi tí erékùṣù tí àwọn bàbá wa ń pè ní Fernando Po wà. Ọdún náà gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, nínú adágún omi kékeré kan ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kò fojú kan adágún omi onímítà 50 rí kí ó tó dé Sydney. Àwọn méjì tí ó yẹ kí wọ́n bá a díje fò sómi kí àṣẹ tó dún, wọ́n sì lé wọn dànù. Ó wá ku òun nìkan. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 52 ó lé díẹ̀ ni ó fi lúwẹ̀ẹ́ mítà 100, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì àkókò tí àwọn ọ̀gá ń lò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ó dà bí ẹni pé yóò rì, ni gbogbo èrò bá ń hó fún un títí ó fi fọwọ́ kan ògiri. Mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ẹni tí ó gba wúrà nínú eré náà? Ṣùgbọ́n ayé kò gbàgbé Moussambani. Ní ọdún 2012, òun ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2018, Seun Adigun àti Simidele Adeagbo lọ ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Gúsù Kòríà, nínú eré orí yìnyín tí ilẹ̀ wa kò ní. Pákó ni Adigun kọ́kọ́ fi kan ọkọ̀ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń dánra wò ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn pátápátá ni àwọn méjèèjì wà nígbà tí eré parí. Síbẹ̀, kò sí obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà tí ó dé ibẹ̀ ṣáájú wọn nínú irú eré náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ṣé ẹni tí ó ṣe kẹ́yìn ni kí á wá máa yìn?" Rárá o. Ẹni tí ó borí ni ó ni ìyìn borí. Nígbà tí Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré ìfò-ìdènà mítà 100 ní ọdún 2022, tí ẹnikẹ́ni kò sá irú rẹ̀ rí, èmi náà fò sókè. Ṣùgbọ́n odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àárín ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń sáré ni Amúsàn ti ń jáde. Bí a bá ní kí ọmọ mẹ́rìndínlógójì nínú ogójì lọ jókòó sábẹ́ igi, ta ni ó mọ ẹni tí ó wà láàárín wọn? Bí kò bá tilẹ̀ sí Amúsàn kankan níbẹ̀, ṣé kì í ṣe àwọn náà ni wọ́n ni ẹsẹ̀ wọn?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Àwọn òyìnbó ní eré kan tí wọ́n ń pè ní triathlon. Wọn a kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, wọn a gun kẹ̀kẹ́, wọn a sì fi ẹsẹ̀ sáré parí rẹ̀, láìsinmi. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, bàbá mi àgbà ni mo rántí. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ sóko, bí odò bá kún, wọn a lúwẹ̀ẹ́ kọjá, wọn a wá gun ọ̀pẹ láti dá ẹmu tí a mọ Ìlá mọ́. Wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́ láìgba mẹ́dà. Èyí tí ó lókìkí jù nínú eré alápá mẹ́ta yìí, ní Hawaii ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1978. Ènìyàn 15 péré ni wọ́n gbéra, àwọn 12 ni wọ́n sì parí. Kò sí ẹni tí ń fi í jẹun nínú wọn. Lónìí, gbogbo ayé ni ó ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Ènìyàn 15! Ṣé a kò lè rí ènìyàn 15 ní Ìgbómìnà Ọ̀ṣun ni? Ìtàn sọ fún wa pé nígbà tí Ọ̀ràngún àkọ́kọ́ ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, Odùduwà fún un ní àdá kan tí ń jẹ́ Ogbó, tí ó ń la ọ̀nà fún un. "Ogbó mi mọ̀nà" ni ó di Ìgbómìnà. Ṣé àwa tí a ń jẹ́ orúkọ yìí ni kò yẹ kí a jókòó tì?

Àbá tí mo dá nìyí. Láti Ìlá Ọ̀ràngún dé Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 12, òkè sì pọ̀ ní àárín wọn. Ọmọ ọba méjì tí wọ́n jọ ti Ìlá Yàrà wá ni wọ́n tẹ ìlú méjèèjì dó, olúkúlùkù sì ní Ọ̀ràngún tirẹ̀. Kí a dá eré ẹsẹ̀ ọdọọdún kan sílẹ̀ láàárín wọn, tí tọmọdé tàgbà yóò lè sá, tí ẹni tí kò lè sáré yóò lè rìn. Iṣẹ́ ti àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí àwa tí a mọ oríkì ún kì dúró sí ibi tí eré parí sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé, ìbáà ṣe ẹni àkọ́kọ́ tàbí ẹni ìkẹyìn, kí a béèrè orílẹ̀ rẹ̀, kí a sì kì í. Owó mẹ́dà kò níí sí nínú rẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé bí bàbá mi bá gbọ́ tí wọ́n ń kì wá tìdílé-tìdílé lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, wọn kò níí bi mí ní ipò tí mo gbà. Wọn yóò bi mí ní ọjọ́ tí a ó tún sá òmíràn. Ọ̀rọ̀ mi ti tán. Ó kù sí ọwọ́ yín o.