Ìwé Ọmọ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìkọ̀kọ̀

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, Peckham ni mo sì ti dàgbà. Síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí kí n tó mọ̀ pé lójú òfin n kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ kó wa lọ sí ilẹ̀ Faransé, olùkọ́ sì ní kí oníkálukú mú pásípọ́ọ̀tù wá. Màmá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, sọ fún wọn pé ara rẹ kò yá." Ara mi yá. Ìwé ni n kò ní.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àròkọ yìí. Àṣà pé kí a bo ọ̀rọ̀ ìwé mọ́lẹ̀, kí a wá gbé e lé "ẹni tó mọ̀nà" lọ́wọ́, ń gba ẹ̀tọ́ tí òfin ti fún àwọn ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, bí wọ́n bá bí ọmọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀ mọ́. Bàbá tàbí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tàbí kí ó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí, lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Àwọn òbí mi kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀, kódà bí àwọn òbí rẹ̀ kò tíì ní ìwé. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀tọ́ yìí fi wà nílẹ̀ dè mí, tí n kò mọ̀.

Kì í ṣe pé Màmá mi kò wá ìrànlọ́wọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni wọ́n ti pàdé bọ̀dá kan tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Kò ní ọ́fíìsì, kò fún wọn ní rìsíìtì. Ó gba £600, ó wá kún fọ́ọ̀mù tí kì í ṣe tèmi. Nígbà tí wọ́n dá a padà, kò gbé fóònù mọ́. Màmá mi kò lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn yóò bi àwọn náà léèrè ìwé tiwọn. Ìbẹ̀rù yẹn gan-an ni irú wọn fi ń jẹun.

Àwọn kan yóò ní, "Bí a kò bá ran ara wa lọ́wọ́, ta ni yóò ràn wá?" Òótọ́ ni, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ sìn wá lọ, ẹ bá wa ka lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ń dun ọmọ yín, ṣé ẹni tí ẹ pàdé níbi àríyá lẹ ó ní kó yọ ọ́? Láti ìgbà tí òfin ọdún 1999 ti dé, ẹni tó bá sọ ìmọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú di iṣẹ́ ṣe láìní àṣẹ ti rúfin.

Wọ́n á tún ní owó ni kò sí. Mo gbà. Ní ọdún 2019, £1,012 ni ìjọba ń gbà lórí ìforúkọsílẹ̀ ọmọ kan, bẹ́ẹ̀ £372 ni iṣẹ́ náà ń ná wọn. Ìrẹ́jẹ pátápátá ni mo pè é. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2022, òbí tí apá rẹ̀ kò ká owó náà lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Bọ̀dá tó mọ̀nà kò sọ ìyẹn fún wa.

Olùkọ́ mi ló fura. Kò bi mí léèrè lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ó pe Màmá mi, ó sì júwe ilé ìmọ̀ràn òfin kan fún wọn. Obìnrin tó dá wa lóhùn níbẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ìwé ẹ̀rí ìbí mi, ìwé pupa tí wọ́n fi ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún mi, àti lẹ́tà láti ilé ẹ̀kọ́ ọdọọdún ló béèrè. Inú báàgì Ghana-must-go kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni gbogbo rẹ̀ wà! Mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí orúkọ mi tó wọlé. Àwọn mìíràn kò tètè mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ yunifásítì ni wọ́n tó gbọ́ pé iye tí àlejò ń san làwọn yóò san, àti pé àwọn kò lè yá owó ìjọba.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo òbí, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òbí wa, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí onítọ̀hún ti gba àṣẹ, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè lónìí.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ẹ ń bi.