Orúkọ CAC Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, owó oṣù kò tó ná, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe ọṣẹ tàbí búrẹ́dì tà ní Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá. Orúkọ tí ẹ fi sílẹ̀ ní CAC kò dáàbò bo àmì ọjà yín. Àbújá ni ìjọba ti ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀: ọdún 7 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 14.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ bíréèkì Ferodo. Ó pe Ibeto lẹ́jọ́ pé páálí tiwọn jọra jù. Ní 2004, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò dá a láre, nítorí ọ̀rọ̀ "Ferodo" nìkan ló wà nínú ìwé, kì í ṣe àwọ̀ páálí. Iléeṣẹ́ ńlá mà nìyẹn o! Nítorí náà, ẹ fi àwòrán ara ike ọṣẹ yín sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àwa ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó fún un, bí wọ́n ṣe ń yáni lówó aṣọ ọdún.