Awò Apẹja àti Ojú Ọmọ
Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ bá baálé yín dé Skọ́tílándì, bí òun náà bá ti ń dẹ ẹja sámọ́ǹ ní odò Tay pẹ̀lú ìwọ̀ tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ wé bí kòkòrò, ẹ má ra awò fún un kìkì nítorí pé ó dúdú. Dúdú nìkan kò dá ìtànṣán tó ń ba ojú jẹ́ dúró. Àmì UV400 ni kí ẹ wò. Irú tí à ń pè ní polarized ló ń pa dídán ojú omi, kí ẹni tó wọ odò dé ìbàdí lè rí òkúta àti kòtò. Ní ìsọ̀, ẹ gbé méjì síwájú ara wọn, kí ẹ dá ọ̀kan dábùú. Bí ibi tí wọ́n ti pàdé kò bá ṣú, ayédèrú wà nínú wọn, ohun yòówù kí ọlọ́jà wí.

Ìwọ̀ yẹn a máa fò kọjá lẹ́yìn orí kí ó tó balẹ̀ sómi, atẹ́gùn sì lè gbé e lu ojú. Ẹ béèrè awò polycarbonate tí kì í tètè fọ́. Bí ọmọ bá ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ dé etí odò, ẹ ra tọmọ kí ẹ tó ra ti bàbá.